Fífa bàálù lé ibùdó kejì lọ́wọ́: ìgbésẹ̀, àṣìṣe, àti ohun tí ẹ máa ṣe bí wọn kò bá dáhùn

Ìbéèrè kan kì í dáwọ́ dúró láti ọ̀dọ̀ àwọn ọ̀dọ́ tó ń kọ́ iṣẹ́ ìdarí ọkọ̀ òfúrufú: "Ọ̀gá, mo pe ibùdó kejì, wọn ò gbé e. Bàálù sì ti ń sún mọ́ ààlà. Kí ni kí n ṣe?" Àwọn awakọ̀ bàálù náà ní tiwọn: "Wọ́n ní ká bọ́ sórí ìkànnì tuntun. A pè, ẹni tó dáhùn ní òun ò gbọ́ nǹkan kan nípa wa. Ta ló ń darí wa lásìkò yẹn?"

Ibùdó kejì tí wọ́n ń wí ni ibùdó ìdarí ọkọ̀ òfúrufú tó kàn, tó ń darí òfúrufú òdìkejì ààlà. Ìdáhùn kan náà ló wà fún méjèèjì. Bàálù ṣì wà lọ́rùn ẹni tó ń darí rẹ̀ bọ̀, títí ẹni tó kàn yóò fi fẹnu ara rẹ̀ sọ pé ó ti tẹ òun lọ́wọ́. Ẹni tó bá ti bá ìyálọ́jà sọ ẹrù rí mọ̀ ọ́n: ẹ kì í jọ̀wọ́ ẹrù nítorí pé ẹnì kan na ọwọ́ nísàlẹ̀, ẹ máa ń dúró títí ìwúwo rẹ̀ yóò fi kúrò lọ́wọ́ yín.

Mo kọ èyí fún olùdarí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, fún akẹ́kọ̀ọ́ tó wà ní NCAT (ilé ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ọkọ̀ òfúrufú) ní Zaria tàbí níbòmíràn, àti fún awakọ̀ bàálù tó fẹ́ mọ ohun tó ń lọ lẹ́yìn rédíò. Bí ọ̀rọ̀ mi bá yàtọ̀ sí ìwé ìlànà ibùdó yín, ìwé yín ni kí ẹ tẹ̀ lé.

Ẹ kọ́kọ́ ya ohun mẹ́ta yìí sọ́tọ̀

Ọ̀pọ̀ ìdàrúdàpọ̀ tí mo ti rí bẹ̀rẹ̀ látàrí pé ẹnì kan da mẹ́ta yìí pọ̀.

1. Ìròyìn: ẹ ti sọ fún ibùdó kejì pé bàálù báyìí ń bọ̀, ní ibi báyìí, ní aago báyìí, ní ìpele báyìí (ìyẹn gíga tó ń fò), wọ́n sì ti gbà.
2. Ìkànnì: ẹ ti ní kí awakọ̀ kúrò lórí rédíò yín kó bọ́ sórí tiwọn.
3. Àkóso: ẹ̀tọ́ láti yí bàálù padà, láti gbé e sókè tàbí láti sọ̀ ọ́ kalẹ̀.

Awakọ̀ lè ti máa bá ibùdó kejì sọ̀rọ̀ kí àkóso sì ṣì wà lọ́wọ́ yín, nítorí pé bàálù náà kò tíì dé ààlà. Olùdarí tó gbọ́ ohùn rẹ̀, tó sì sọ ọ́ kalẹ̀ lójú ẹsẹ̀ nígbà tó ṣì wà nínú òfúrufú ẹlòmíràn, ti wọ oko olóko. Bàálù mìíràn lè wà nísàlẹ̀ níbẹ̀ tí òun kò rí. Bí ẹ bá fẹ́ kó ṣe ohunkóhun kí ó tó dé ọ̀dọ̀ yín, ẹ pè, ẹ tọrọ àyè. Bí ẹ̀yin bá sì ni ẹni tí wọ́n ń tọrọ lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ sọ ibi tí àyè náà mọ: "sísọ̀ kalẹ̀ nìkan", "yíyí sí ọ̀tún nìkan", "lẹ́yìn tó bá kọjá ibi báyìí". Àyè tí a kò fi ààlà sí máa ń di àríyànjiyàn.

Kí ẹ tó jókòó sídìí iṣẹ́

- Ẹ pe ibùdó kọ̀ọ̀kan tí ẹ bá pààlà lórí ìlà tààrà, kí ẹ sì gbọ́ ohùn ènìyàn. Iná tó ń tàn lára ẹ̀rọ kò tó.
- Ẹ dán ìlà kejì wò pẹ̀lú, èyí tí ẹ kì í sábà lò.
- Ẹ kọ nọ́ńbà tẹlifóònù ìta ti ibùdó kọ̀ọ̀kan sórí pépà tó wà níwájú yín. Bí iná bá lọ, ohun tó wà nínú kọ̀ǹpútà kò ní wúlò.
- Ẹ wo NOTAM (ìkìlọ̀ tí wọ́n ń gbé jáde fún àwọn òṣìṣẹ́ òfúrufú): ṣé rédíò tàbí rédà ẹnì kan wà lábẹ́ àtúnṣe lálẹ́ yìí?
- Ẹ ṣètò aago yín sí UTC, aago àgbáyé tí gbogbo ibùdó jọ ń lò. Aago Èkó fi wákàtí kan ṣáájú ti Accra. Cotonou bá Èkó dọ́gba, Lomé bá Accra dọ́gba. Ẹni tó bá fi aago ilé ránṣẹ́ ti ṣi ibùdó kejì lọ́nà.

Ẹ má fojú kékeré wo àyẹ̀wò ìlà. Ní Washington, ìlà tẹlifóònù tààrà tó so àwọn olùdarí pápákọ̀ òfúrufú Reagan pọ̀ mọ́ Pentagon ti dákẹ́ láti oṣù Kẹta ọdún 2022. Oṣù Karùn-ún ọdún 2025 ni ọ̀rọ̀ náà tó hàn síta, lẹ́yìn tí bàálù èrò méjì ti ní láti pa ìbalẹ̀ tì nítorí helikópítà ológun kan. Àjọ FAA, tó ń bójú tó ọkọ̀ òfúrufú ní Amẹ́ríkà, sọ fún àwọn aṣòfin pé àwọn kò mọ̀ pé ìlà náà ti kú títí ọ̀rọ̀ yẹn fi ṣẹlẹ̀. Ìpè kan láàárọ̀ ì bá ti fi hàn.

Nígbà tí ẹ bá ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó ń lọ sílé

Ìfàléni-lọ́wọ́ kan tún wà tí àwọn ènìyàn máa ń gbàgbé, èyí tó ń ṣẹlẹ̀ nínú yàrá kan náà, láti ọwọ́ olùdarí kan sí ọwọ́ èkejì. Bí irọ́ bá wọlé níbẹ̀, yóò bá tẹlifóònù kọjá lọ sí ibùdó kejì, yóò sì dà bí òtítọ́.

Bó ṣe ṣẹlẹ̀ ní Brazil nìyẹn, ní ọjọ́ 29, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 2006. Bàálù kékeré kan, Legacy 600, gbéra láti São José dos Campos lọ sí Manaus. Ìwé ìrìnàjò rẹ̀ ní kó fò ní FL370 (ìyẹn ìpele 37,000 ẹsẹ̀ bàtà) dé Brasília, kó wá sọ̀ sí FL360 lẹ́yìn ibẹ̀. Àṣẹ tí wọ́n fún un kí ó tó gbéra kò kó gbogbo èyí jọ. Awakọ̀ gbọ́ FL370, ó sì dúró síbẹ̀. Nígbà tó kọjá Brasília, kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ yí nọ́ńbà ìpele àṣẹ tó wà lójú rédà sí 360, torí ohun tó wà nínú ìwé ìrìnàjò nìyẹn, bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni kò sọ fún awakọ̀ pé kó sọ̀. Láìpẹ́, transponder Legacy náà (ẹ̀rọ tó ń fi gíga bàálù hàn fún rédà) dákẹ́, gíga gidi rẹ̀ sì pòórá lójú rédà. Olùdarí tó ń lọ sọ fún ẹni tó gba iṣẹ́ pé FL360 ni bàálù náà wà. Ẹni yìí náà sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ fún ibùdó Manaus, Manaus sì gbà á bẹ́ẹ̀. Láti Manaus, Boeing 737 Gol 1907 ń bọ̀ ní FL370, lójú ọ̀nà kan náà. Méjèèjì kọlu ara wọn. Gbogbo ènìyàn 154 tó wà nínú Boeing ló kú. Legacy rí pápákọ̀ ológun kan balẹ̀ sí, àwọn 7 tó wà nínú rẹ̀ sì yè.

Ẹ wo iye ẹnu tí "360" gbà kọjá. Nọ́ńbà náà ò wá láti ẹnu awakọ̀ rárá.

Nítorí náà, ẹ bi ẹni tó ń lọ ní ìbéèrè mẹ́rin yìí, kí ẹ tó gba ẹ̀rọ etí lọ́wọ́ rẹ̀:

- Bàálù wo ni ibùdó kejì ti gbọ́ nípa rẹ̀, èwo ni wọn kò tíì gbọ́?
- Èwo ni ohun kan ti yí padà lórí rẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ ti pè?
- Èwo ni transponder rẹ̀ ò ṣiṣẹ́ tàbí tó ń ṣe ségesège?
- Èwo ni kò dáhùn rédíò dáadáa?

Bí èyíkéyìí bá wà nínú ìdáhùn kẹta tàbí ìkẹrin, ohun àkọ́kọ́ tí ẹ máa ṣe ni kí ẹ pe awakọ̀ náà, kí ẹ bi í ní ìpele tó wà gan-an.

Ìgbésẹ̀ fífa bàálù léni lọ́wọ́

1. Ẹ mọ ohun tó wà nínú ìwé àdéhùn láàárín ibùdó yín àti tiwọn: ibi tí a ti ń fà á lé wọn lọ́wọ́, ìpele tí wọ́n ń gbà, iye ìṣẹ́jú tí ìpè gbọ́dọ̀ fi ṣáájú, àti ohun tí a ó ṣe bí ẹ̀rọ bá kùnà. Òfúrufú Nàìjíríà, tí wọ́n ń pè ní Kano FIR, bá Accra, Niamey, N'Djamena àti Brazzaville pààlà. Nínú rẹ̀, Kano àti Èkó tún pín iṣẹ́ láàárín ara wọn. Ìwé tí ẹ ní pẹ̀lú ọ̀kan kò bá ti èkejì mu.

2. Ẹ wo bàálù fúnra rẹ̀ kí ẹ tó gbé tẹlifóònù. Ìpele mẹ́ta ló wà: èyí tó kọ sínú ìwé ìrìnàjò, èyí tí ẹ fún un ní àṣẹ, àti èyí tó wà níbẹ̀ báyìí. Bí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò bá dọ́gba, ẹ tún un ṣe kí ẹ tó pè. Níbi tí kò sí rédà, ẹ bi awakọ̀.

3. Ẹ pè ní àkókò. Fún bàálù tó ń ti Èkó lọ sí Accra, ààlà kò jìnnà rárá. Kí ó tó gbéra ni kí ẹ ti pè, kí ẹ sì tún sọ àkókò tó gbéra gan-an lẹ́yìn náà. Ẹni tó bá dúró kí bàálù fẹsẹ̀ kúrò nílẹ̀ kí ó tó wá ìlà ti pẹ́.

4. Ẹ tò ó ní ètò kan náà nígbà gbogbo: orúkọ ìpè bàálù, irú rẹ̀, ibi tó ti ń bọ̀, ibi tó ń lọ, ibi tó máa gbà kọjá ààlà, aago tó máa kọjá, ìpele, kóòdù transponder. Ohun tó bá yàtọ̀ ni kó gbẹ̀yìn, kí ó má baà sọnù sáàárín: bí ó bá ń yẹ òjò sílẹ̀, bí ẹ bá ti dín eré rẹ̀ kù, bí ó bá ṣì ń gùn sókè nígbà tó máa kọjá.

5. Ẹ dúró gbọ́ kíkà padà. "Ó dáa" kì í ṣe kíkà padà. "Mo gbọ́" kì í ṣe é. Ẹ jẹ́ kí ẹni náà fi ẹnu ara rẹ̀ tún ibi, aago, ìpele àti kóòdù sọ. Bí ọ̀kan bá yàtọ̀, ẹ tún gbogbo rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ẹ má ṣe tún ẹyọ nọ́ńbà kan ṣoṣo ṣe láàárín ọ̀rọ̀.

6. Ẹ gba lẹ́tà orúkọ ẹni tó gbà á, ẹ kọ ọ́ sórí strip (pépà tẹ́ẹ́rẹ́ tí a ń kọ ìròyìn bàálù kọ̀ọ̀kan sí) pẹ̀lú àkókò. Ọwọ́ yín ni kí ẹ fi kọ ọ́, ẹ má gbára lé ìrántí.

7. Ẹ yanjú ewu ìkọlù tó wà nílẹ̀ kí ẹ tó fà á léni lọ́wọ́. Bí bàálù méjì bá wà ní ìpele kan náà tí èyí tó wà lẹ́yìn sì ń sáré ju ti iwájú lọ, ẹ má fi wàhálà náà ṣe ẹ̀bùn fún aládùúgbò.

8. Ẹ fún awakọ̀ ní ìkànnì tuntun, ẹ gbọ́ bó ṣe kà á padà. Lẹ́yìn náà, ẹ má tíì gbójú kúrò. Ẹ̀rí pé ó ti dé ọ̀dọ̀ wọn ni pé ó ń ṣe ohun tí wọ́n sọ, tàbí pé wọ́n sọ fún yín pé àwọn ti gbọ́ ohùn rẹ̀.

Lórí ìlà, èdè Gẹ̀ẹ́sì iṣẹ́ la ń sọ, àní bí ẹ̀yin méjèèjì bá jẹ́ ọmọ Ìjẹ̀bú. Wọ́n ń gba ohùn yín sílẹ̀, ẹni tó máa gbọ́ ọ lọ́la lè má gbọ́ Yorùbá. Pẹ̀lú Niamey àti N'Djamena, níbi tí Faransé ti jẹ́ èdè iṣẹ́ ojoojúmọ́, ẹ dín ìyára ẹnu kù, ẹ pe nọ́ńbà ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Ìgbà tí ẹ bá ń kánjú ni 310 máa ń di 130 létí ẹlòmíràn.

Bí kọ̀ǹpútà bá ló ń ṣe é fún yín

Níbi tí ẹ̀rọ ibùdó méjèèjì ti ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ (AIDC lọ́dọ̀ ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, OLDI ní Yúróòpù), iṣẹ́ fúyẹ́. Àwọn ewu rẹ̀ yàtọ̀ ni. Ìròyìn tí ẹ̀rọ kejì kọ̀ lè jókòó sí igun kan lójú kọ̀ǹpútà tí ẹnikẹ́ni kò wò. Ẹ wo ibẹ̀ léraléra. Ẹlẹ́ẹ̀kejì: níbi tí àkọlé bàálù ti ń ṣẹ́jú lójú rédà títí ibùdó kejì yóò fi tẹ bọ́tìnnì gbà á, títẹ bọ́tìnnì náà túmọ̀ sí pé wọ́n gba bàálù. Kò túmọ̀ sí pé wọ́n mọ̀ pé ẹ ti yí i kúrò lójú ọ̀nà rẹ̀ nítorí òjò. Ohun tí kò sí nínú àkọlé náà, ẹ fẹnu sọ ọ́.

Àṣìṣe tó ń ṣẹlẹ̀ jù lọ

*Yíyí ìpele padà lẹ́yìn ìpè.* Èyí ló ń bà mí lẹ́rù jù. Ẹ ti pè, wọ́n ti gbà FL350, gbogbo nǹkan ti parí. Ìṣẹ́jú 7 lẹ́yìn náà, awakọ̀ ní afẹ́fẹ́ ń gbọn òun, ẹ fún un ní FL370, ẹ sì gbàgbé tẹlifóònù. Ibùdó kejì ti fi bàálù mìíràn sí FL370. Láti ọjọ́ 25, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 2008, tí Áfíríkà ti wọ RVSM (ètò tó dín àlàfo gíga láàárín bàálù kù), 1,000 ẹsẹ̀ bàtà ni àlàfo láàárín ìpele láti FL290 dé FL410. Kò sí àyè fún ìgbàgbé níbẹ̀. Ohun tó ràn mí lọ́wọ́ ni pé nígbà tí mo bá ti pè, mo máa ń fa ìlà pupa yí ìpele ká lórí strip. Bí awakọ̀ bá béèrè ìpele tuntun, ìlà pupa yẹn á rán mi létí pé ẹni méjì ló ni ìpele náà báyìí. Mo gbọ́dọ̀ pè kí n tó fún un.

*Àkókò tó sún.* Bí aago tí ẹ sọ bá yí padà ju iye tó wà nínú ìwé àdéhùn lọ (ìṣẹ́jú 3 ni ní ọ̀pọ̀ ibi), ẹ tún pè.

*Gbígba ìdákẹ́jẹ́ fún ìfọwọ́sí.* "Tí wọn ò bá fẹ́, wọn á ti pè mí." Rárá. Bóyá wọn ò gbọ́ yín rárá.

*Lílé awakọ̀ lọ kíákíá torí iṣẹ́ pọ̀.* Mo mọ̀ bó ṣe máa ń rí nígbà tí bàálù mẹ́wàá bá ń sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Síbẹ̀, bàálù tí ẹ lé lọ láìsọ fún ẹnikẹ́ni yóò padà wá bá yín pẹ̀lú wàhálà tó ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Bí ibùdó kejì kò bá dáhùn

Mo ti jókòó sídìí ìlà tí kò dáhùn rí, lóru. Mo pe ìgbà mẹ́ta. Mo sọ fún ara mi pé wọ́n á ti rí bàálù náà lójú rédà tiwọn, mo sì fún awakọ̀ ní ìkànnì. Ìṣẹ́jú mẹ́rin lẹ́yìn náà, ohùn rẹ̀ padà sórí rédíò mi: wọn ò mọ òun, wọ́n sì ní bàálù kan ń bọ̀ ní òdìkejì. Ìpele wọn yàtọ̀, kò sí aburú tó ṣẹlẹ̀. Mi ò tún fi "wọ́n á ti rí i" ṣiṣẹ́ mọ́ láti ọjọ́ yẹn.

Ẹ tẹ̀ lé e báyìí, láìfo ìkankan:

1. Ẹ tún ìlà tààrà pè. Ní àkókò kan náà, ẹ sọ fún ọ̀gá tó wà lórí iṣẹ́. Ẹ má dá a ṣe ní kọ̀rọ̀.
2. Ìlà kejì, pàápàá èyí tó ń gba satẹ́láìtì kọjá.
3. Tẹlifóònù ìta, títí kan fóònù alágbèéká tí ibùdó náà fún yín.
4. Ẹ gba ọ̀dọ̀ ibùdó kẹta. Bí Èkó kò bá rí Accra bá sọ̀rọ̀, ó lè bẹ Cotonou tàbí Lomé kí wọ́n bá òun pè é. Ẹ ní kí wọ́n pe yín padà pẹ̀lú ohun tí Accra sọ, nọ́ńbà lọ́kọ̀ọ̀kan.
5. Ẹ fi ìròyìn ránṣẹ́ lórí AFTN tàbí AMHS, ẹ̀rọ tí àwọn ibùdó fi ń kọ̀wé ránṣẹ́ síra wọn. Ẹ rántí pé ìwé tí a fi ránṣẹ́ kì í ṣe ìwé tí a ti kà.
6. Ẹ wá bàálù mìíràn tó ti wà lórí ìkànnì wọn, kí awakọ̀ rẹ̀ bá yín jíṣẹ́.
7. Ẹ ní kí awakọ̀ tí ọ̀rọ̀ kàn fi rédíò rẹ̀ kejì pè wọ́n, kí rédíò àkọ́kọ́ ṣì wà lọ́dọ̀ yín. Ó máa sọ ibi tó wà, aago tó máa kọjá àti ìpele rẹ̀, á sì padà sọ fún yín ohun tí wọ́n wí.
8. Bí gbogbo rẹ̀ bá kùnà, ẹ má jẹ́ kó kọjá. Ẹ dín eré rẹ̀ kù láti ọ̀nà jíjìn, ẹ wá ní kó máa yí po nínú òfúrufú tiyín. Ẹ dá èyí tó wà nílẹ̀ tí kò tíì gbéra dúró.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ ni àwọn ọ̀dọ́ máa ń bẹ̀rù, torí ẹ̀hónú awakọ̀ àti ti ilé iṣẹ́ bàálù. Ẹ fi aago bá ara yín ṣe àdéhùn ṣáájú. Èmi máa ń sọ fún akẹ́kọ̀ọ́ mi pé bó bá ku ìṣẹ́jú 10 kí ó dé ààlà tí ẹnikẹ́ni kò tíì dáhùn, kí ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í dín eré rẹ̀ kù. Bó bá ku ìṣẹ́jú 5, kí ó ti fún un ní àṣẹ láti yí po. Bí epo kò bá tó tàbí tí aláìsàn wà nínú bàálù, tí ó sì gbọ́dọ̀ kọjá, ẹ sọ ọ́ fún awakọ̀ ní gbangba pé ẹ kò tíì rí ibùdó kejì bá sọ̀rọ̀. Ẹ fi í sí ìpele tó bá ọ̀nà ibi tó dojú kọ mu, kí ẹ sì máa bá ìgbìyànjú lọ.

Ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ ọn pé kí ìlà méjì wà, kí méjèèjì sì ṣiṣẹ́, ni ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ojú òfúrufú Überlingen ní Jámánì, ní alẹ́ ọjọ́ 1, oṣù Keje, ọdún 2002. Zurich ló ń darí òfúrufú ibẹ̀. Olùdarí kan ṣoṣo ló jókòó sídìí iṣẹ́ ẹni méjì, ẹnì kejì ti lọ sinmi. Wọ́n ti pa olórí ìlà tẹlifóònù fún àtúnṣe, èyí tó yẹ kó rọ́pò rẹ̀ sì ní àléébù. Àwọn olùdarí ibùdó Karlsruhe, ní Jámánì, rí i lójú rédà tiwọn pé Tupolev kan àti Boeing 757 kan ń lọ pàdé ara wọn. Wọ́n pe Zurich léraléra, kò wọlé. Bàálù méjèèjì kọlu ara wọn, ènìyàn 71 ló kú. Bí ibùdó yín bá fẹ́ pa ìlà fún àtúnṣe:

- ẹ sọ fún gbogbo aládùúgbò ṣáájú, pẹ̀lú aago ìbẹ̀rẹ̀ àti ìparí;
- ẹ fún wọn ní nọ́ńbà mìíràn, kí wọ́n pè é kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀;
- ẹ má dín òṣìṣẹ́ kù lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ẹ fi kún un.

Bí bàálù bá wọlé tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún yín

Ẹ̀yin ni ẹ wà ní òdìkejì báyìí. Ẹ má bá awakọ̀ jà. Kò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀.

1. Ẹ bi í ní orúkọ ìpè, ibi tó wà, ìpele, ibi tó ti ń bọ̀, ibi tó ń lọ, ibi tó kàn àti aago tó máa débẹ̀.
2. Ẹ wo gbogbo bàálù tó wà ní ìpele yẹn àti èyí tó ń gba inú rẹ̀ kọjá. Ẹ yà wọ́n sọ́tọ̀ lójú ẹsẹ̀.
3. Ẹ fún un ní kóòdù bí ẹ bá ní rédà.
4. Ìgbà yìí ni kí ẹ tó pe ibùdó tó ti wá. Ẹ béèrè bóyá òmíràn wà lẹ́yìn rẹ̀, torí ibi tí ọ̀kan bá ti sọnù, èkejì lè wà níbẹ̀.
5. Ẹ sọ fún ibùdó tó kàn níwájú, kí àṣìṣe náà má baà rìn lọ.

Ní ọjọ́ 13, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 1997, Tu-154 àwọn ológun òfúrufú Jámánì tó ń ti Niamey lọ sí Windhoek, àti C-141 ti Amẹ́ríkà tó ti Windhoek gbéra lọ sí erékùṣù Ascension, kọlu ara wọn lórí òkun létí Namibia, ní 35,000 ẹsẹ̀ bàtà. Ènìyàn 33 kú. Bàálù Jámánì kò wà ní ìpele tó kọ sínú ìwé ìrìnàjò rẹ̀, àwọn olùwádìí Amẹ́ríkà sì ka iṣẹ́ ibùdó Luanda, tó wà láàárín, mọ́ ohun tó dá kún un. Kò sí TCAS (ẹ̀rọ inú bàálù tó ń kìlọ̀ ìkọlù fún awakọ̀) nínú bàálù méjèèjì.

Fún ẹ̀yin awakọ̀ bàálù

- Ẹ pe ibùdó tó kàn ní ìṣẹ́jú 10 ṣáájú ààlà bí ẹ bá lè gbọ́ wọn, pàápàá nínú òfúrufú Áfíríkà.
- Níbi tí IFBP (ètò ìkéde láàárín àwọn awakọ̀) bá ti wà, ẹ wà lórí ìkànnì 126.9, ẹ máa kéde ibi tí ẹ wà àti ìpele yín. Ẹ kéde kí ẹ tó yí ìpele padà pẹ̀lú. Àwọn awakọ̀ fúnra wọn ló ń fi ọ̀nà yìí bo ihò tí ìkùnà ìròyìn láàárín ibùdó ń dá sílẹ̀.
- Níbi tí wọ́n ti fọwọ́ sí i, ẹ fò ní máìlì òkun 1 tàbí 2 sí apá ọ̀tún ojú ọ̀nà. Bí àṣìṣe ìpele bá ṣẹlẹ̀, ẹ kò ní wà lórí ìlà kan náà.
- Bí ibùdó tuntun kò bá dáhùn, ẹ padà sórí ìkànnì tí ẹ ti kúrò. Bí ẹ ò bá rí ìyẹn náà, ẹ gbìyànjú 121.5, ìkànnì pàjáwìrì.
- Ẹ wo transponder nígbà kọ̀ọ̀kan tí ẹ bá yí ìkànnì padà.
- Bí TCAS bá pàṣẹ, tirẹ̀ ni kí ẹ tẹ̀ lé, kódà bí olùdarí bá sọ òdìkejì. Ní Überlingen, TCAS ní kí Tupolev gùn, olùdarí ní kó sọ̀, ó sọ̀. Boeing tẹ̀ lé TCAS tirẹ̀, òun náà sì sọ̀.

Lẹ́yìn tó bá ti parí: ẹ kọ ọ́ sílẹ̀

Ẹ kọ ìròyìn náà kí ẹ tó lọ sílé, kódà bí ohunkóhun kò ṣẹlẹ̀. Bí bàálù bá wọ ìpele RVSM tí ẹni tó gbà á kò retí, tàbí láìsí ìpè rárá, ìròyìn rẹ̀ yẹ kó dé ọ̀dọ̀ ARMA, ọ́fíìsì tó ń ṣọ́ RVSM fún Áfíríkà. Wọ́n ní ẹ̀ka tí wọ́n ń kó àṣìṣe ìfàléni-lọ́wọ́ ti ènìyàn sí, wọ́n sì ní òmíràn fún ti ẹ̀rọ tó kùnà. Ẹ sọ èyí tó jẹ́ kedere, torí àtúnṣe wọn kò jọra.

Ohun tó yẹ kó wà nínú rẹ̀:

- aago UTC tí ẹ pè, àti ìlà tí ẹ lò, lọ́kọ̀ọ̀kan;
- ẹni tó dáhùn, tàbí pé kò sí ẹni tó dáhùn;
- ìpele àti ibi tí ẹ sọ, àti èyí tí bàálù wà níbẹ̀ gan-an;
- bàálù mìíràn tó wà nítòsí, àti bí ó ṣe jìnnà tó;
- ohun tí ẹ ṣe.

Ẹ má kọ "wọ́n ṣàìbìkítà". Ẹ kọ "ìlà dún fún ìṣẹ́jú kan, kò sí ìdáhùn". Ẹni tó máa ṣe àtúnṣe lè fi gbólóhùn kejì yẹn ṣiṣẹ́. Kí ẹ sì fi ẹ̀dà kan ránṣẹ́ sí ibùdó tí ọ̀rọ̀ kàn, kí wọ́n rí i lọ́dọ̀ yín kí wọ́n tó gbọ́ ọ lọ́dọ̀ ẹlòmíràn.